Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní yáàdì tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ onígbòkun: ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Ẹni tó bá ń gbèrò àtilọ yọ̀ǹda ara ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ onígi, ìyẹn irú ọkọ̀ ńlá tó ń fi ìgbòkun rìn tó sì máa kó ẹrù sọdá òkun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fi orúkọ sílẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé látibẹ̀ ni, ọwọ́ mi ṣì ń rùn fún ọ̀dà bí mo ṣe ń tẹ èyí. Mi ò ní dárúkọ yáàdì náà torí àwọn nǹkan kan wà tí wọn ò ṣe dáadáa tí mo fẹ́ sọ jáde, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni torí ẹ̀ lọ máa bú wọn, èèyàn dáadáa ló kún ibẹ̀. Tó bá jẹ́ ìràwọ̀ la fẹ́ fi wọ̀n ọ́n, mẹ́rin nínú márùn-ún ni màá fún wọn. Ẹyọ kan tí mo yọ yẹn, ọ̀rọ̀ àsìkò ló fà á, màá dé ibẹ̀.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ẹ máa kọ̀wé sí wọn, ẹ máa sọ ohun tọ́wọ́ yín mọ̀ ọ́n ṣe, kódà kó má sí nǹkan kan wọ́n á ṣì gbà yín, ẹ máa sanwó ibi tẹ́ ẹ máa sùn, wọ́n á wá fi yín sábẹ́ ọ̀gá kan tẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé káàkiri. Kì í ṣe kíláàsì o. Kò sí bọ́ọ̀dù, kò sí ìwé, kò sí sátífíkéètì. Iṣẹ́ ni, lórí ọkọ̀ gidi, ẹni tó kọ́ yín lónìí á wá fọwọ́ ra ohun tẹ́ ẹ ṣe wò lọ́la, tí ò bá dáa á ní kẹ́ ẹ tú u. Káfíńtà tó ti fi iṣẹ́ náà jẹun láti kékeré wà níbẹ̀, apẹja tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, tíṣà, wẹ́dà, ọmọ yunifásítì, àwọn obìnrin àdúgbò tó máa ń wá ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ti parí tiwọn nílé. Kò sẹ́ni tó dá ọkọ̀ náà ní nínú wọn, gbogbo wọn ló sì ń pè é ní ọkọ̀ mi.

Irú ètò yìí ò pọ̀ láyé. Èyí tí ọ̀pọ̀ ti gbọ́ nípa ẹ̀ ni Ceiba, tí ilé iṣẹ́ SAILCARGO dáwọ́ lé ní Punta Morales, lórílẹ̀-èdè Costa Rica. Oṣù kìíní ọdún 2019 ni wọ́n gbé igi gbọọrọ abẹ́ ẹ̀ kalẹ̀, ìyẹn èyí tó dà bí egungun ẹ̀yìn fún ọkọ̀. Gígùn ẹ̀ jẹ́ mítà 45, wọ́n sì ṣe é kó lè gbé nǹkan bíi 250 tọ́ọ̀nù. Ọkọ̀ àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Ingrid, tí wọ́n kàn ní erékùṣù Åland ní Finland, ni wọ́n wò ya àwòrán ẹ̀. Tres Hombres náà wà, ìyẹn ò bẹ̀rẹ̀ látorí igi tútù, ara ọkọ̀ ológun kan tí wọ́n kàn lọ́dún 1943 ni wọ́n tún ṣe, mítà 32 ni, kò ní ẹ́ńjìnì kankan, látìparí ọdún 2009 ló sì ti ń fi afẹ́fẹ́ nìkan kó rọ́ọ̀mù, kọfí àti kòkó láti àwọn erékùṣù Caribbean lọ sí Yúróòpù. Yáàdì tí mo lọ kéré sí ti Ceiba dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀.

Àwọn kan máa bi mí pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ onígi ṣe láyé tá a wà yìí. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Orí omi ni èyí tó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ lára ọjà tó ń lọ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì ń gbà, epo táwọn ọkọ̀ yẹn ń jó sì pọ̀ débi pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lára èéfín tó ń mú ayé gbóná, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń wá. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ọkọ̀ onígi ló máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, kò sọ òótọ́, torí ẹyọ kan nínú àwọn ńlá yẹn lè gbé kọntéénà tó ju 20,000 lọ. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n ń dáàbò bò ni ìmọ̀ ọwọ́. Táwọn tó mọ̀ ọ́n bá kú láìfi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ó tán nìyẹn, kò sí fídíò tó lè dá a pa dà. Ohun tó yẹ ká fi díwọ̀n irú yáàdì yìí gan-an ni pé ṣé ó ń fi ìmọ̀ náà lé èèyàn lọ́wọ́ àbí kò fi í lé e.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò fi í lé mi lọ́wọ́. Pákó ni mo ń tò. Mo gbé pákó láti ibí lọ sọ́hùn-ún, mo gbá eruku, mo tún gbé pákó. Ọjọ́ mẹ́rin. Ó di ọjọ́ karùn-ún kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ní kí n máa fi sáàárín pákó méjì, kí afẹ́fẹ́ lè ráàyè kọjá ni, àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà látòkè délẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ pákó á gbẹ ní wíwọ́, pákó tó bá sì ti wọ́, kò wúlò fún ara ọkọ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Iṣẹ́ pàtàkì ni mò ń ṣe láti Mọ́ńdè, mi ò kàn mọ̀ ni. Ká ní wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tayọ̀tayọ̀ ni ǹ bá fi tò ó, ǹ bá sì tò ó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ ọ́ fún wọn kí n tó kúrò níbẹ̀, wọ́n ní àwọn gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni nǹkan yí pa dà pátápátá. Wọ́n fi mí sí ọ̀wọ́ àwọn tó ń tẹ pákó mọ́ ara ọkọ̀.

Ẹ máa rántí pé ara ọkọ̀ kì í ṣe ògiri, ó yọ síta láàárín ó sì rì wọlé níwájú, pákó tó nípọn tó ínṣì méjì àbọ̀ ò sì lè tẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó má kán. Ṣe ni wọ́n ń fi ooru omi sè é. Àpótí gígùn kan wà tí wọ́n fi pákó kàn, iná ń jó lábẹ́ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ooru ń gba páìpù wọ inú àpótí náà, wọ́n á ti odindi pákó bọ inú ẹ̀, wọ́n á sì fi àpò ìdọ̀họ dí ẹnu ẹ̀. Wákàtí kan fún ínṣì kọ̀ọ̀kan ni òfin wọn, torí náà wákàtí méjì àbọ̀ la máa ń fi dúró. Àárín àkókò yẹn ni ọ̀gá máa ń pín wa, ìwọ dúró síbí, ìwọ mú kílámpù yìí dání, ìwọ má ṣe nǹkan kan àfi tí mo bá pe orúkọ ẹ, á ní ká fi ẹsẹ̀ rin ibi tá a máa gbà gbé e kọjá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́wọ́ òfìfo, kó rí i pé kò sẹ́ni tó máa kọlu ẹnì kejì. Nígbà tí wọ́n bá wá ṣí ẹnu àpótí, ooru á bo gbogbo ibẹ̀, òórùn igi tútù á gba imú èèyàn, àwa mẹ́jọ á wọ ìbọ̀wọ́ á gbé e jáde, ó gbóná débi pé ẹ máa mọ̀ ọ́n látinú ìbọ̀wọ́, à ń sáré láìsáré, wọ́n á kọ́kọ́ de orí ẹ̀ mọ́ iwájú ọkọ̀, a ó wá máa tì í mọ́ egungun ìhà ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀, kílámpù kan, òmíì, òmíì, ọ̀gá ń sọ pé "ẹ fà á wálẹ̀, ẹ fà á wálẹ̀, ó tó", nítorí pé ìṣẹ́jú bíi mẹ́rin márùn-ún lẹ ní, tó bá ti tutù ó ti di igi pa dà nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí pákó tó le bí òkúta tó tẹ̀ bí ẹní tí wọ́n ká, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Pákó wa kejì kán. Gbogbo wa gbọ́ ọ, ó dún gbàù, àwa tá a wà níwájú fẹ̀yìn rìn. Mo rò pé ìbínú ló kàn, torí pákó bẹ́ẹ̀ wọ́n, àárọ̀ ọjọ́ kan odindi ló sì bá a lọ. Ọ̀gá ò bínú. Ó ní ká gbé e sórí àwọn igi tí wọ́n fi ń tì í ró, ó ní kí olúkúlùkù fi ìka ẹ̀ tẹ̀ lé ìlà inú igi náà láti orí wá. A tẹ̀ lé e. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé àárín, ìlà náà yà bàrá, ó gba etí pákó jáde, ibi tó ti jáde gan-an ló ti kán. Ó ní, "Látàárọ̀ ló ti ń sọ fún wa." Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí pákó tó wọ àpótí tí n kì í kọ́kọ́ fìka tọ̀ lẹ́yìn, mo sì rò pé títí láé ni màá máa ṣe é. Wọn ò sọ èyí tó kán nù o, wọ́n gé e, wọ́n fi ṣe èèkàn àti ìṣó onígi.

Ìgbà tá à ń dúró de ooru náà ni ọ̀gá ti ń sọ fún wa bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń ṣe é. Tiwa, egungun ìhà ló kọ́kọ́ wà nílẹ̀, pákó wá ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ní Tana Beru ní erékùṣù Sulawesi, Indonéṣíà, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní pinisi, pákó ni wọ́n ń so pọ̀ kọ́kọ́, ara ọkọ̀ á ti dìde tán kí wọ́n tó gbẹ́ egungun tó máa bá inú ẹ̀ mu. Orí ni wọ́n ń fi gbé gbogbo ìṣirò ẹ̀. UNESCO gbà á wọ inú àkójọ àṣà àjogúnbá aráyé lọ́dún 2017. Ohun tó wọ̀ mí lára nínú ẹ̀ ni pé ọ̀gá sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò sọ pé tiwa ló dáa jù.

Ìṣó onígi tí mo mẹ́nu bà yẹn, màá sọ díẹ̀ nípa ẹ̀ torí wọ́n máa ń bi mí. Igi líle máa ń ní oje tó ń jẹ irin, irin tó bá ń dípẹtà náà á sì máa ba igi tó yí i ká jẹ́, ibẹ̀ á dúdú, á rọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo ìṣó onígi tó nípọn bí àtàǹpàkò, wọ́n á gbá a wọlé títí, wọ́n á la orí ẹ̀, wọ́n á wá fi èèkàn kékeré sínú ojú tí wọ́n là kó lè fẹ̀ sí i kó má lè jáde mọ́. Èèkàn yẹn gbọ́dọ̀ dábùú ìlà pákó. Ẹ bá fi í tọ ìlà náà, pákó á là.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n gbé mi lọ síbi dídí àlàfo, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Àlàfo tó wà láàárín pákó méjì, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ni, ó pa pọ̀ nínú, ó ṣí díẹ̀ níta. Òwú okùn tí wọ́n ti rẹ sínú ọ̀dà igi páìnì ni wọ́n ń gbá sínú ẹ̀. Kí òwú yẹn tó dé ẹnu iṣẹ́, èèyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ yí i di okùn gbọọrọ kọ́kọ́, ìjókòó sì ni wọ́n fi ń ṣe é, lábẹ́ àtíbàbà, orí itan. Tẹ́ ẹ bá fa gbogbo àlàfo ọkọ̀ náà tàn sílẹ̀, ó ju kìlómítà kan lọ, àlàfo kọ̀ọ̀kan á sì gba ju ìlà òwú kan lọ, torí náà gbogbo ẹni tó bá ti ráyè ló ń wá jókòó síbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ orúkọ gbogbo èèyàn. Àwọn obìnrin àdúgbò tó ń wá nírọ̀lẹ́ ló yára jù, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ, ọwọ́ wọn ò ní dúró, apẹja tó ti fẹ̀yìn tì á máa sọ ìtàn ìjì tó bá wọn lójú òkun. Ẹ̀rọ wà tó lè yí òwú náà. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò lò ó, ọ̀kan nínú wọn ní tí ẹ̀rọ bá ń yí i, níbo làwọn á ti máa ríra àwọn. Èmi gbà pé òótọ́ ló sọ, iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ló so wọ́n mọ́ ọkọ̀ náà.

Tí òwú bá ti délẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan àti òòlù onígi lẹ máa fi gbá a wọlé. Wọ́n la ẹ̀gbẹ́ orí òòlù náà tinrín-tinrín, ó sì máa ń kọrin bẹ́ ẹ bá ṣe ń lù ú. Ohùn yẹn ni olùkọ́ yín. Òwú tí ò tíì kún, á dún bí ìgbà tèèyàn lu àpótí òfìfo. Tó bá ti le dáadáa, ohùn á ga, á mọ́. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó kọ̀yìn sí mi, irin tiẹ̀ ló ń pọ́n, mo ń gbá tèmi lọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kò yíjú rárá, ó kàn ní, "Pa dà sẹ́yìn díẹ̀, o fo ibì kan." Mo pa dà. Ibì kan tí ò ju ìbú ọwọ́ mi lọ, òwú ibẹ̀ rọ̀. Látẹ̀yìn ló ti gbọ́ ọ! Ọjọ́ kejì ẹ̀ mo wá ń gbá a jù, ó tún ní kí n rọra, pé ẹni tó bá fi agbára gbá a kọjá bó ṣe yẹ, ó lè ti pákó kúrò lára egungun ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá wọ omi, pákó á mu omi á wú, òun fúnra ẹ̀ á fún òwú náà pa, ẹ ò ní láti bá a parí ẹ̀. Ìgbà tó fi máa di ọjọ́ tí mo ń lọ, mo ti ń gbọ́ ìyàtọ̀ náà fúnra mi, kì í ṣe gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ọ.

Ọjọ́ tí mo sì ń lọ nìyẹn. Ẹ ò rí i? Bí etí mi ṣe ń là ni àpò mi ń wọ mọ́tò.

Ìràwọ̀ tí mo yọ ló kàn báyìí. Wọ́n ń polówó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bíi pé ó tó. Kò tó. Ọ̀sẹ̀ kan lọ sórí pákó títò, ọ̀kan lọ sórí pákó títẹ̀, ọ̀kan lọ sórí òwú, ìgbà tọ́wọ́ ẹ bá wá fẹ́ dáa ẹlòmíì ti dé láti gba ipò ẹ, àwọn ọ̀gá á tún bẹ̀rẹ̀ látorí Á Bí Dí. Ó ń rẹ̀ wọ́n, ó hàn lójú wọn.

Èkejì, wọn ò sọ òótọ́ nípa ìgbà tí ọkọ̀ máa wọ omi. Wọ́n kọ ọ́ síta pé láàárín ọdún yìí ni. Arábìnrin kan tá a jọ wà ní yàrá kan, torí ọjọ́ yẹn gan-an ló ṣe tọrọ ààyè níbi iṣẹ́ ẹ̀, ó dé ó bá ọkọ̀ tí pákó òkè tí èèyàn ń rìn lórí ẹ̀ ò tíì sí níbẹ̀ rárá. Ó dùn ún wọra, ó sì yẹ kó dùn ún. Kò sídìí tó fi yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí tó máa bú wọn tí wọ́n bá ní ó ku ọdún mélòó kan. Götheborg tí wọ́n kàn ní Swídìn, ọdún 1995 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, 2003 ló wọ omi. Hermione, ọkọ̀ ogun tí wọ́n tún kàn ní Rochefort ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 1997 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, 2012 ló wọ omi, 2015 ló tó lọ sí Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn sì ń sanwó wá wò ó látìgbà tó jẹ́ egungun lásán, owó wọn wà lára ohun tí wọ́n fi kàn án. Aráàlú máa ń dúró tẹ́ ẹ bá sọ òótọ́ fún wọn.

Hermione yẹn náà ló jẹ́ kí n bínú sí ọ̀rọ̀ tapólì. Lọ́dún 2021 ni wọ́n rí i pé olú ti ń jẹ igi inú ẹ̀, wọ́n ní láti gbé e kúrò lójú omi lọ fún àtúnṣe ńlá. Omi òjò ló ń fa irú ẹ̀ jù, torí omi iyọ̀ kì í jẹ́ kí olú yẹn ráyè tó bẹ́ẹ̀. Ní yáàdì tiwa, tapólì tó bo ìdí ọkọ̀ ti ya, gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀ ni omi ń dúró sórí igi tuntun níbẹ̀. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní àwọn máa rí sí i, títí mo fi lọ kò sẹ́ni tó rán an. Ìyà iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn jẹ lórí ọkọ̀ yẹn pọ̀ ju kí wọ́n fi tapólì ṣeré lọ.

Ẹ gbé máskì yín dání, tó nípọn, kẹ́ ẹ gbé púpọ̀. Tiwọn tán ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní ká fi aṣọ dí imú. IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ, ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn, torí náà aṣọ ò tó. Ìbọ̀wọ́ wọn dáa, irinṣẹ́ wọn mú, ẹ ò nílò láti ra ìyẹn. Ibi sísùn mọ́ tónítóní, kò sí ariwo lálẹ́.

Ta ló yẹ kó lọ? Ẹni tó lè lò tó oṣù méjì, tí ò bínú tí wọ́n bá ní kó tú ohun tó ṣe, tó sì lè gba ìtọ́ni lẹ́nu ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, torí ọmọ ogún ọdún ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pọ́n irin. Ẹni tó bá jẹ́ àwòrán lójú òkun ló fẹ́ yà, kó dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá wọ omi. Tẹ́ ẹ bá sì jẹ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta lóòótọ́ tí ò sí bẹ́ ẹ ṣe lè fi kún un, ẹ kọ̀wé ṣáájú kẹ́ ẹ ní ibì kan ṣoṣo lẹ fẹ́ wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n á gbà fún yín, ẹnì kan tá a jọ wà níbẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ibi òwú ló jókòó sí, iṣẹ́ ẹ̀ sì dáa ju tèmi lọ nígbà tá à ń lọ.

Èmi ti kọ̀wé pa dà sí wọn lánàá. Oṣù méjì ni mo bèèrè, ibi dídí àlàfo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá yẹn. Mo sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti rán tapólì.